Màmá Kòkòrò Dán Ìrìn-àjò Wò

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà nínú àpò ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì, ìdí nìyẹn táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é ní Màmá Kòkòrò. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọrọ owó ìrànwọ́ tí yunifásítì fi ń rán olùkọ́ lọ sí àpérò lókè òkun. Nígbà tí wọ́n wá fọwọ́ sí i, táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i kú oríire, ńṣe ni àyà rẹ̀ ń já. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Àrùn ìgbàgbé ń ṣe màmá. Ó ti gbàgbé ọkọ tó kú, ó ti gbàgbé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń pe àbúrò Màmá Kòkòrò, tí gbogbo wọn jọ ń gbé, ní nọ́ọ̀sì. Màmá Kòkòrò, àkọ́bí rẹ̀ tó ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, nìkan ló ṣì mọ̀. Bí àkọ́bí bá wá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́?

A kì í ṣáà fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Àwọn olùwádìí ò sì kúkú gba ohunkóhun gbọ́ láìdán an wò. Màmá Kòkòrò di ẹrù, ó ní òun á dágbére fún màmá, òun á sì lọ fara pa mọ́ sí ilé àlejò yunifásítì fún ọjọ́ díẹ̀, kóun lè mọ̀ bóyá màmá á ṣì dá òun mọ̀ tóun bá dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa kì í ṣe kòkòrò o," àbúrò rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀," ló dáhùn, ó ń fa síìpù báàgì.

Nílé àlejò, fóònù ló jókòó tì. Bí fóònù bá dún, á fò dìde. "Wọ́n ti jẹun," ni àbúrò ń sọ. "Wọn ò béèrè yín." Ìyẹn gan-an ló tún dá kún ẹ̀rù rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àbúrò ń bọ́ ọ ní ìrẹsì. Màmá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ta lẹ ń wá?"

Màmá Kòkòrò gbé báàgì sílẹ̀. Ó rọra ní, "Àkọ́bí yín ni mò ń wá."

"Háà, ẹ ò bá a. Ó ti rìnrìn-àjò." Màmá wo ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ àlejò náà mú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ní kó máa bọ̀ o. Ẹ̀rù ń bà mí nílé yìí, mi ò mọ ẹnì kankan."