Ẹgbẹ̀ta Páálí Tí Ojú Mi Ò Rí

Mo mọ ìṣirò. Mi ò ní torí ìrẹ̀lẹ̀ purọ́ níbí yìí. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, nínú fúláàtì oníyàrá méjì wa ní Festac, èmi ni ìyá mi máa ń rán lọ ra nǹkan, torí kò sẹ́ni tó lè rẹ́ mi jẹ níbi ṣéńjì. Nígbà tí mo jáde póli, tí mo gba ìwé ẹ̀rí nínú ìṣirò owó, mo rò pé ayé ti ń dúró dè mí ni. Ayé ò dúró de ẹnì kankan o. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi gbé fáìlì káàkiri, kí ọ́fíìsì àwọn ọ́dítọ̀ kan tó gbà mí, ìyẹn àwọn tó máa ń yẹ ìwé ilé iṣẹ́ ẹlòmíì wò bóyá òótọ́ ló wà níbẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Festac náà ni ọ́fíìsì ọ̀hún wà, ẹni tó ń ta oògùn ló wà nísàlẹ̀. Àwa márùn-ún péré la wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀gá wa so tirẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ìwé àti bírò ló gbẹ́kẹ̀ lé. Àgbàlagbà ọkùnrin ni, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó ní òun á fi oṣù mẹ́ta wò mí. Bí mo bá yege, òun á fún mi ní lẹ́tà iṣẹ́, ọ́fíìsì á sì máa san owó ìdánwò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó di oníṣirò owó gidi. Bí mi ò bá yege, kí n máa lọ ní àlàáfíà. Bàbá mi tó ń wa táńkà epo ní Satellite Town ò lè san owó ìdánwò yẹn. Mo mọ̀, òun náà mọ̀. Bí lẹ́tà yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní ọ̀nà mìíràn.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá fún mi ní bírò aláwọ̀ ewé kan. Nídìí iṣẹ́ wa, àwọn tó ni ìwé á kọ tiwọn ní búlúù tàbí dúdú, àwa ọ́dítọ̀ nìkan la máa ń fi àwọ̀ ewé máàkì ohun tí a bá ti yẹ̀ wò. Ó ní, "Ohun tí ojú rẹ ò bá rí, má fi bírò yìí kàn án." Mo ní mo ti gbọ́, sà. Mo fi bírò náà há àpò bùláòsì mi níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Kódà, bẹ́ẹ̀ ni mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé ni ọ̀gá rán mi lọ sí sítọ́ọ̀ ńlá kan ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí oníṣòwò kan ń kó àwo tánganran tó ń ti òkè òkun dé pamọ́ sí. Èmi nìkan ló rán. Ìwé wọn ní ẹgbẹ̀ta páálí àwo ló wà nílẹ̀; kí n lọ kà á, kí n wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́.

Ọkùnrin kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló ń tọ́jú ibẹ̀. Bàbá Sítọ́ọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí i, ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo dárúkọ ìlú ìyá mi, bàbá yìí pàtẹ́wọ́: ọmọ ibẹ̀ lòun náà! Ló bá ra míńrà tútù fún mi, ó nu àga kó tó jẹ́ kí n jókòó, ó ṣàdúrà fún mi pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní já mi kulẹ̀. Kí ló tún kù tí bàbá ẹni á ṣe?

Wọ́n to àwọn páálí náà jọ ní òkìtì kan ṣoṣo láàrin sítọ́ọ̀, ó ga tó ènìyàn méjì. Mo ka ti iwájú: mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní gíga. Mo ka ti ẹ̀gbẹ́: mẹ́fà. Bí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀, ẹgbẹ̀ta ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ mi pé ojú ìta nìkan ò tó. Ó yẹ kí n gòkè kí n wo àárín. Mo bèèrè àkàbà.

Bàbá wo síkẹ́ẹ̀tì mi, ó rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ò gbà kí obìnrin wọ ṣòkòtò nígbà yẹn, síkẹ́ẹ̀tì tóóró ni mo wọ̀, àkàbà àti irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ò bára mu. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi fúnra mi ló to àwọn páálí yìí. Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i."

Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n sọ fún ẹni tó tó bí mi, tí mo ṣì ń mu míńrà rẹ̀ lọ́wọ́, pé mi ò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé. Mo fa bírò yọ, mo máàkì ẹgbẹ̀ta. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì gun ọ̀kadà padà sí Festac.

Nígbà tí mo gbé ìwé náà fún ọ̀gá, kò tilẹ̀ wò ó. Bùláòsì funfun mi ló ń wò. Ó bi mí pé irú sítọ́ọ̀ wo ni mo lọ tí eruku ò kàn mí. Mo sọ bó ṣe rí. Mo tiẹ̀ gbóhùn sókè díẹ̀, mo ní Bàbá yẹn kì í ṣe olè, ọmọlúàbí ni.

Ọ̀gá ní, "Mi ò rán ọ lọ ka Bàbá. Àwo ni mo ní kó o kà."

Ló bá fa dúróà rẹ̀, ó yọ lẹ́tà kan. Orúkọ mi wà lórí rẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, ìfọwọ́sí nìkan ló kù. Ó jẹ́ kí n rí i dáadáa kó tó dá a padà. Ó ní ọjọ́ Fúráìdè lòun máa fọwọ́ sí i, tàbí kí òun fà á ya. Ọjọ́rú la wà.

Inú bí mi, ó kọjá bẹ́ẹ̀. Mo bínú sí ọ̀gá, mo bínú sí Bàbá Sítọ́ọ̀. Nígbà tí mo délé ni mo wá mọ̀ pé ara mi ni mò ń bínú sí. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́ jẹ níbi ṣéńjì, ìgò míńrà kan ló mú mi balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ṣòkòtò àbúrò mi ọkùnrin, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lé e. Ìyá mi rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá mo ti ń padà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́ ni. Mo ní rárá o, màmá, òkè ni mò ń lọ.

Inú Bàbá Sítọ́ọ̀ dùn nígbà tó rí mi, ó rò pé mo wá kí òun ni. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo wá sọ pé àkàbà ni mo wá fún. Ojú rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ṣé olè lo wá pè mí?"

Mo ní rárá, sà, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, àkàbà. Ó fi àgbọ̀n júwe ibi tó wà, ó sì kẹ̀yìn sí mi. Omi dà lójú mi, mi ò ní parọ́. Èmi nìkan ló wọ́ àkàbà náà, èmi nìkan ló gbé e ti òkìtì, mo sì gùn ún.

Ìlà kìíní pé. Ìlà kejì pé. Nígbà tí mo fi máa wo àárín, kòtò ni mo rí. Òkè kòtò náà gan-an, ihò wà lára páànù, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé. Gbogbo òjò ọdún yẹn ló ti ń gba ibẹ̀ rọ̀ sórí páálí. Àwọn páálí àárín ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n ti wó lu ara wọn, gbogbo àwo inú wọn ti rún. Láti ìta, kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ̀.

Mo ní, Bàbá, ẹ wá wò ó. Ó ṣì kẹ̀yìn sí mi. Nígbà tó yá, ó fi orúnkún tó ń dùn ún gun àkàbà náà, ó wo inú kòtò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ fún mi pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú òun, àwo fọ́ lábẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó fọ́. Wọ́n yọ ọ́ lára owó oṣù rẹ̀ títí, wọ́n sì tún lé e.

Ó wá ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ọ́ bó o ṣe rí i."

A jọ kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́. Páálí mọ́kànlélógójì ló ti bàjẹ́, ìyókù pé pérépéré, kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Mo kọ iye rẹ̀, mo kọ ihò páànù, mo kọ òjò. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ láti dágbére, Bàbá ní ó dàbọ̀. Kò ṣàdúrà fún mi. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo wàhálà àkàbà náà lọ.

Ọ̀gá rí eruku lára mi láti ẹnu ọ̀nà, ó gba ìwé. Ó kọ̀wé sí oníṣòwò náà pé òrùlé ló ń jò, pé ẹni tó ń tọ́jú ọjà ò jẹ̀bi. Wọn ò yọ kọ́bọ̀ lára owó oṣù Bàbá. Lọ́jọ́ Fúráìdè, ọ̀gá gbé lẹ́tà mi síwájú, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n mú bírò wá. Bírò aláwọ̀ ewé yẹn ló fi fọwọ́ sí i.

Ní ọdún kejì, èmi náà ni wọ́n tún rán lọ sí sítọ́ọ̀ yẹn. Ṣòkòtò wà lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì mi, mi ò sì mọ ojú tí Bàbá máa fi wò mí. Mo wọlé, mo rí i pé wọ́n ti gbé àkàbà ti òkìtì páálí sílẹ̀. Bàbá Sítọ́ọ̀ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dúró dè mí. Mo kúnlẹ̀. Ó dìde.

Ó ní, "Mo jókòó títí lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí i. Gùn ún, ọmọ mi."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú, mo sì gùn ún.