Motún Dárúkọ Ọkùnrin Náà

Ará Omifunfun ni Motún, ìyàwó Elisha. Fùfú ló ń ṣe, Ore ló sì ń gbé e lọ tà. Àwọn onímọ́tò Ore gan-an mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ bá Motún fa ọ̀rọ̀, kó yáa jẹun yó kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ojú ara, Motún tí kì í dákẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Eéwo ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Eéwo sọ ọ́ nítan, ọkọ ẹ̀ sì ra kápúsù fún un lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn ní gáréèjì Ore. Eéwo lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ojú ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Yíyún ọ̀hún kì í ṣe kékeré! Bó bá ń tọ̀, á máa ta á. Nǹkan funfun tó ki bí ògì ń jáde, kò sì rùn. Bó bá dúró nídìí fùfú tí ìró tútù lẹ̀ mọ́ ọn lára látàárọ̀, ṣe ni yóò máa fẹsẹ̀ pa ẹsẹ̀.

Ìyá ọkọ ẹ̀, Ẹfúnróyè, gbé álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi kànga tòrò wá. "Ìyàwó mi, fi omi ẹ̀ fọ inú lọ́hùn-ún. Ohun tó ń mú omi mọ́ á mú obìnrin mọ́."

Motún fọ̀ ọ́. Yéè! Bí ẹni bu ata rodo sójú egbò. Ó tún fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, nítorí wọ́n ní oògùn tí ò bá ta kì í ṣe oògùn.

Elisha ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ọkùnrin gáréèjì yẹn ti sọ fún un pé ìṣekúṣe ló ń fa kí ojú ara máa yún obìnrin. "Kò yún èmi," ni Elisha wí. "Níbo lo ti kó o? Alágbèrè!" Ló bá ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, Bàbá Adégbóyè, àti ẹbí. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, Motún gbọ́dọ̀ dárúkọ ọkùnrin tó kó o ràn án, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó di ẹrù ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná! Obìnrin tó ń jí sẹ́ fùfú, tó bí Dámilọ́lá fún un, ni wọ́n fẹ́ lé bí adìẹ tó jẹ àgbàdo onílé! Inú bí Motún débi pé omi ò lè jáde lójú ẹ̀. Ó gun ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn ìjọba ní Ore.

Nọ́ọ̀sì Sàádátù yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi òwú mú díẹ̀ nínú nǹkan funfun náà lọ fún àyẹ̀wò, ó sì yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò bóyá ṣúgà wà níbẹ̀. Nígbà tí èsì dé, tí kò sí ṣúgà nínú ìtọ̀ ẹ̀, ó ní, "Ìyá Dámilọ́lá, ẹ gbórí yín sókè. Ohun kan tó jọ ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú ló pọ̀ jù lójú ara yín. Ara wa ló ń gbé, kòkòrò rere ni kì í jẹ́ kó ráyè. Kápúsù yẹn ló pa àwọn kòkòrò rere, álọ́ọ̀mù sì bó yín lára."

"Ọkọ mi ní alágbèrè ni mí."

"Irọ́ ni. Ọmọge tí ò mọ ọkùnrin ń ní in, aláboyún ń ní in."

Ó fún un ní oògùn tí yóò máa kì sójú ara bó bá fẹ́ sùn. Ó ní kó lò ó tán, bí kò bá tilẹ̀ yún un mọ́. Kó fi omi lásán fọ ìta, kó má fọ inú rárá. Bó bá ti kúrò nídìí fùfú, kó bọ́ aṣọ tútù, kó wọ pátá olówùú. Kó má sì gbé kápúsù gáréèjì mì mọ́. Bí yíyún náà bá padà wá, tàbí tí nǹkan funfun náà ń rùn, tàbí tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, kó tètè wá, nítorí oríṣiríṣi nǹkan ló ń mú ojú ara yún. Motún délé, ó ju álọ́ọ̀mù sígbó.

Ọjọ́ Àìkú pé. Yíyún ti ń rọlẹ̀. Motún kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì dìde dúró.

"Ìyàwó wa," ni Bàbá Adégbóyè wí, "dárúkọ ọkùnrin náà."

"Elisha ni."

Láti ọjọ́ tí Motún ti wọ ilé náà, kò pe orúkọ yẹn rí. Ẹfúnróyè káwọ́ lérí. "Yéè! O pe ọkọ ẹ lórúkọ!"

"Orúkọ lẹ ní kí n dá, màmá. Elisha ló ra kápúsù, ẹ̀yin lẹ gbé álọ́ọ̀mù wá, èmi òpè ni mo lò ó láìbéèrè. Kò sí àlè kankan níbẹ̀. Ẹni tí ò bá gbà, kó bá mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́la."

Bàbá Adégbóyè yíjú sí Elisha. "Ìwọ lo ra kápúsù?"

"Èmi ni, bàbá."

"Kò burú. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kò tíì tán," ni Motún wí. "Ẹ ò ní lọ báyìí. Ọkọ mi pè mí ní alágbèrè, wọ́n sì pe gbogbo yín jọ sí i. Níṣojú yín náà ni wọ́n máa ti kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ."

Elisha dìde, ó ṣí fìlà. "Motún kì í ṣe alágbèrè," ló ń kùn sínú.

"Mi ò gbọ́, Bàbá Dámilọ́lá."

Ó wá ké e débi pé ọlọ́kadà tó ń lọ sí Araromi-Obu dúró wò wọ́n.