Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Nínú Yàrá Tàkábà

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ọmọ ayálégbé mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ wá bá mi wo eré ọlọ́pàá kan nínú páálọ̀ mi ní Ìbarà. Bí wọ́n ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí apànìyàn lọ́wọ́, tí orin ìparí sì bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí rìmóòtù, ó pa á. "Ó ti tán, Mọ́mì." Mo ní kó tan án padà, kò tíì tán. Ó wò mí bí ẹni tí ogbó ti ń dé bá, ṣùgbọ́n ó tan án, nítorí ilé mi la wà. A jọ wo orúkọ àwọn òṣèré títí ojú tẹlifíṣàn fi ṣókùnkùn. Nígbà tí n kò rí ohun tí mò ń retí, mo sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan tí mo máa ń sọ sí tẹlifíṣàn, ni ọmọ náà bá bú sẹ́rìn-ín. N kò bá a wí. Kò mọ ẹni tó kọ́ mi ní eré wíwò.

Ìjemọ̀ ni ilé wa wà nígbà èwe mi, ní àkókò tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú. Ilé oníṣòwò ni. Bàbá mi ń ta abọ́ tánganran, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àlájà ń ta léèsì, Bàbá Kékeré tó jẹ́ àbúrò wọn máa ń lọ kó símẹ́ńtì ní Ewékorò, ó sì ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Eruku símẹ́ńtì yẹn bo igi ìbẹ́pẹ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà débi pé bí òjò bá rọ̀ nìkan ni ewé rẹ̀ máa ń rántí pé ewé ni òun. Àwa ọmọ pọ̀, ẹsẹ̀ kì í dá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ariwo kì í sì í tán. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ènìyàn lè wà láàárín èrò kó sì dá wà.

Ilé Àlájì Onítáyà tó kọjú sí tiwa nìkan ni tẹlifíṣàn wà. Tẹlifíṣàn náà ní ilẹ̀kùn pákó méjì tó ń gba kọ́kọ́rọ́, inú àpò agbádá Àlájì ni kọ́kọ́rọ́ náà sì ń gbé. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì, wọ́n máa ń ṣe eré ọlọ́pàá kan. Títí di òní n kò mọ orúkọ tí àwọn tó ṣe é sọ ọ́, nítorí kí Àlájì tó ṣe àdúà tán, kó tó tú àpò wò, kó tó ṣílẹ̀kùn, àkọlé ti kọjá. Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ la sọ ọ́ ní tiwa. Olówó kan tó ní ilé ìlagi ló kú nínú rẹ̀. Ó mu ẹ̀kọ gbígbóná tí ìyàwó rẹ̀ gbé fún un láàárọ̀, ó ṣubú lórí àga. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó sanra, tó máa ń fi ìnujú nu orí, ni wọ́n rán wá láti wádìí ẹni tó fi májèlé sí ẹ̀kọ náà, ìwádìí ọ̀hún ò sì tètè parí. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá lọ, ọ̀rọ̀ á túbọ̀ lọ́jú sí i.

Láti Ọjọ́bọ̀ kan sí èkejì la fi ń jiyàn lé e. Àwa ọmọdé ti fẹnu kò pé dírẹ́bà ni, nítorí ó ń lo dígí dúdú nínú ilé, ta ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kì í ṣe ọ̀daràn. Ọmọ Àlájì tó wà ní ilé ìwé gíga ní dókítà ni, ó ní òun ti ka irú rẹ̀ rí. Ìyá Àlájà kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn ní tirẹ̀. "Ẹni tó gbé ẹ̀kọ fún un náà ni," ni yóò wí, tẹ̀sùbáà á máa yí lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí la tún ń wá kiri?" Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ojú àwọn obìnrin tó kù á yà sí ọ̀nà ilé wa. Mo rò pé ọbẹ̀ tó ń jóná ni wọ́n gbóòórùn.

Àǹtí Ṣìfáwù ni wọ́n ń rò. Ìyàwó Bàbá Kékeré ni, ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé kan lọ́nà Owódé, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń bọ Ògún. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni Àfáà sọ ọ́ ní Ṣìfáwù, ó sì ń kírun ju àwọn tí wọ́n bí sínú ìrun lọ. Kò tíì bímọ. Kó tó di pé eré náà bẹ̀rẹ̀, Bàbá Kékeré ti ṣọ́ọ̀bù dé lọ́jọ́ kan, ó jẹ mọ́ínmọ́ín tí ìyàwó rẹ̀ sè, ó ní àyà ń dun òun, ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Ṣìfáwù wọ tàkábà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, opó Mùsùlùmí kì í jáde káàkiri fún oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀, kì í fín lọ́fínńdà, kì í lé tìróò. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kò ní kí wọ́n má lọ jókòó tì í. Yàrá ẹ̀yìn ló wà. Àwọn obìnrin ilé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyàwó, kú ìrọ́jú o," wọ́n á sì kọjá lọ. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n ń tutọ́ funfun jáde.

Èmi ni wọ́n máa ń rán láti lọ kó abọ́ oúnjẹ rẹ̀ jáde. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó bi mí pé kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ lódìkejì títì. Mo jókòó sórí ẹní, mo sì ro eré náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń retí mi. Kò rí ojú òṣèré kankan rí, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ní páálọ̀ Àlájì ló máa ń bèèrè: ta ló kọ́kọ́ sunkún, ta ló sunkún láìsí omi lójú? Nígbà tí mo sọ fún un pé àbúrò òkú ti ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ ilé ìlagi, ó fi ọwọ́ lu itan. "Òun ni. Ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ kí omijé tó gbẹ, òun ló mọ ohun tó pa òkú."

Mo rántí pé kò pẹ́ tí wọ́n sin Bàbá Kékeré tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì fi ń dún ní ìdí Ìyá Àlájà. Mo kó abọ́ rẹ̀ jáde.

Nígbà tó yá, ó di Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pe ìyàwó olóògbé. Ó gbé àga fún un, ó ní kó sọ bó ṣe jẹ́, òun ń gbọ́. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́ débi pé oorun gbé àwọn ọmọ kéékèèké lọ. Mo fẹ́ fo ibẹ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Ṣìfáwù, torí kò sí ìjà níbẹ̀. Kò gbà fún mi.

"Ó gbé àga fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ògiri, ó ń fi ìka fa etí ẹní. "Ó ṣe oríire," ni ó wí. "Wọ́n bi í."

Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo lọ bi ìyá mi pé ṣé ẹnì kankan ti bi Àǹtí Ṣìfáwù bí ọkọ rẹ̀ ṣe kú. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu mi, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan gbọ́. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí wọ́n ń rò nílé wa. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò lè jẹun. Bí mo bá kírun tán, màá máa bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ ìyàwó ló fi májèlé sí ẹ̀kọ yẹn. Mo rò pé bí tẹlifíṣàn bá dá tọ̀hún láre, ilé wa náà yóò dá tiwa láre.

Ó ku díẹ̀ kí tàkábà parí ni eré náà parí. Akọ̀wé ilé ìlagi ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ń ta pákó lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Kò sí ẹni tó fọkàn sí i rí nínú gbogbo wa. Wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, orin bẹ̀rẹ̀, Àlájì sì ti ilẹ̀kùn pákó lójú ẹsẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí tẹlifíṣàn rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lásán. Ìyá Àlájà dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Eré lásán ni," ni ó wí. Kó tó wá bàtà rẹ̀ rí, mo ti sáré sọdá títì.

"Kì í ṣe ìyàwó, Àǹtí. Akọ̀wé ni."

Ó pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ nínú yàrá yẹn. "Àbúrò kọ́? Èmi náà sì ti ń na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ. Kó má bínú sí mi o." Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, ó kọjú sí apá ibi tí ilé Àlájì wà, bí ẹni pé òṣèré náà ṣì jókòó síbẹ̀. Ó ní kí n tún un rò. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, "Àwọn tó ń na ìka sí ìyàwó yẹn, nígbà tí wọ́n wá mọ òtítọ́, ṣé wọ́n bẹ̀ ẹ́?"

Mo ní orin ti bẹ̀rẹ̀, Àlájì sì ti ti ilẹ̀kùn.

"Wọ́n á bẹ̀ ẹ́," ni ó wí. "Ìgbà tí ẹ lọ tán ni wọ́n á bẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí tàkábà parí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mìíràn. Mo ń wo ojú àwọn ará ilé kiri lọ́jọ́ náà, mo ń retí ẹni tí yóò kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá láti abúlé, ó gbé àpótí rẹ̀ rù. Àǹtí Ṣìfáwù kúnlẹ̀ fún Ìyá Àlájà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní òun ń lọ. "Àjò kì í dùn kónílé má relé," ni Ìyá Àlájà fi dá a lóhùn, kò gbójú sókè kúrò lórí tẹ̀sùbáà. Kò sí ẹni tó ní kó dúró. Bó ti ń kọjá, ó fọwọ́ kan orí mi. "Ọ̀rẹ́ mi, máa bá mi wò ó." N kò fojú kàn án mọ́.

Eré mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. Mo wò ó, mo sáré sọdá títì bí ìṣe mi, mo ṣí yàrá ẹ̀yìn. Àpò símẹ́ńtì ni wọ́n ti tò síbẹ̀ dé òkè àjà. Mo jókòó lórí ọ̀kan, mo sunkún títí ìyá mi fi wá mi débẹ̀.

Bàbá mi ti darúgbó kó tó sọ fún mi pé dókítà ti kìlọ̀ fún Bàbá Kékeré nípa ọkàn rẹ̀ kó tó kú, àti pé òun àti Ìyá Àlájà mọ̀. Mo bi í pé ṣé wọ́n wá ránṣẹ́ sí Àǹtí Ṣìfáwù. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá, ta ni yóò tún lọ máa hú u jáde. Nígbà tí èmi fúnra mi fi máa bèèrè ọ̀nà dé abúlé náà, igi obì tí wọ́n sin ín sí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi hàn mí.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní tẹlifíṣàn tirẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun ń wo tiwọn lórí fóònù, kálukú ti nǹkan bọ etí. N kò rí ẹni bá jiyàn pé dírẹ́bà ni. Èmi nìkan ni mò ń fura, èmi nìkan ni mò ń ya ara mi lẹ́nu. Àwọn ọlọ́pàá inú eré pàápàá ti ń fi kọ̀ǹpútà mú ọ̀daràn. Ohun kan ni kò yí padà. Mo ti ń wò ó títí orúkọ ẹni ìkẹyìn fi máa ń kọjá, n kò tíì rí eré kan tí àwọn tó na ìka ti padà wá kúnlẹ̀ fún ẹni tí wọ́n na án sí. Ìdí nìyẹn tí èmi fi ń ṣe é. Bí orin bá ti dákẹ́, tí ojú tẹlifíṣàn ti ṣókùnkùn, màá dojú kọ obìnrin tí wọ́n fura sí lásán, màá ní, "Ẹ má bínú."