Ọkọ̀ Tí A Fi Ń Ṣínu

Ilé ọkọ mi kò jìnnà sí tẹ́ṣàn rélùwéè kékeré kan nítòsí Àjàṣẹ́-Ìpo. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, èèyàn lè rí ojú irin. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sára pátákó pé ọkọ̀ èrò máa dé. Irọ́ ni. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba, ṣùgbọ́n n kò rí i rí kí ó dé kí oòrùn tó wọ̀. Ewúrẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dúró dè é.

Ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ mi fi ń fi fèrè ọkọ̀ yìí ṣínu. Ojú wọn ti di bàìbàì, gbohùngbohùn mọ́sáláṣí kì í dún bí iná ò bá sí, wọn ò sì gba fóònù mi gbọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ tí kì í yá kò lè ba ààwẹ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ọdún mẹ́ta ni dókítà fi ní kí wọ́n má gbààwẹ̀. Lọ́dún tó gbà fún wọn, wọ́n fẹ́ gbà á tán láìfi ọjọ́ kan sílẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti ń dín àkàrà láti ọ̀sán, ọ̀fun mi gbẹ, òjò sì ṣú. Fèrè dún.

"Ìyàwó mi, ṣé òun nìyẹn?" Màmá bi mí láti inú yàrá.

Mo wo ojú irin. Orí ọkọ̀ nìkan ló ń kọjá, kò fa nǹkan kan lẹ́yìn. Bóyá ọkọ̀ ẹrù kan ló takú síbì kan tí wọ́n fẹ́ lọ fà á. Mo rí i kedere. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

"Òun ni, Màmá."

Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n mu omi. Èmi náà mu. Àkàrà kejì ló wà lẹ́nu mi nígbà tí ojú ọ̀run là, tí oòrùn bọ́ sórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fọwọ́ kan ibi tó ń gbóná, wọ́n sì gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní àwa méjèèjì la ṣe àṣìṣe, kí Ọlọ́run foríjì wá. Ojú tì mí gan-an, síbẹ̀ n kò jẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu, a jọ san ọjọ́ náà padà. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, fèrè dún. Mo ní òun ni. Màmá gbé omi dání, wọn ò mu ún.

"Dìde, wò ó dáadáa," ni wọ́n wí. "Ka àwọn ọkọ̀ tí orí rẹ̀ ń fà lẹ́yìn fún mi."

Mo dìde. Mo kà wọ́n sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí èyí tó kẹ́yìn fi kọjá. Ìgbà náà ni wọ́n tó mu omi.