Ogun Tápà Lórí Tábìlì Yanrìn

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, ẹnu mi le. Ó ti le láti kékeré, ìyá mi fi ọwọ́ gbá a títí, kò rọ̀. Nígbà tí mo di tíṣà ní ilé-ìwé kan ní Kabba, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lórí wa, èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn tíṣà ibẹ̀. Wọ́n sì tètè mọ̀ pé Míìsì yìí, bí ẹ bá sọ ọ̀kan fún un, á fún yín ní méjì. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n fi ìyà jẹ mí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi ni mo wọ ìjà fúnra mi.

Olórí àwọn tíṣà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, ló kó eré náà wọ̀lú. Ó ti lọ ja ogun Hítílà ní Bọ́mà, ó sì padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí kì í tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn ọ̀gágun òyìnbó tí wọ́n ń da yanrìn sórí tábìlì, tí wọ́n ń fi yanrìn náà ṣe òkè àti odò, tí wọ́n wá ń to àwọn ọmọ ogun kéékèèké sí i láti fi ronú ogun tí wọ́n fẹ́ jà. Ọ̀gá ní òun sọ nínú ara òun pé bí òun bá fi lè délé láàyè, eré tí òun máa ṣe nìyẹn. Ó délé, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ran àwọn tíṣà yòókù.

Lọ́dọọdún, nígbà ìsinmi Àjíǹde, wọ́n á pé jọ sí kíláàsì kan ní ilé-ìwé wa fún ọjọ́ méjì. Tíṣà Ẹ̀kìnrìn-Àdé á gun kẹ̀kẹ́ dé, ti Ayewa á wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá, kálukú pẹ̀lú agolo bisikíìtì tó fi òwú di àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sí. Wọn ò pọ̀. Àgbà ọkùnrin tó ti bímọ á bọ́ bàtà, á tẹ̀ ba tábìlì, á sì máa jiyàn pé ẹṣin ẹnìkejì òun ò lè la odò kọjá kí ó tún gun òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ẹyọ mẹ́rin ni wọ́n fi ń ta á. Ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn á da ẹyọ, iye tó bá ṣí ẹnu sókè ni iye ọmọ ogun tó pa. Ẹyọ náà ni wọ́n ń dà kí ẹṣin tó lè rìn. Òfin kan sì wà tí Ọ̀gá ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré: ẹni tí wọ́n bá ṣẹ́gun, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dùbúlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Amọ̀ ló gbé mi débẹ̀. Igi ni wọ́n ti ń gbẹ́ àwọn ọmọ ogun wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn wọ́n fẹ́ ja ogun Tápà, wọ́n sì fẹ́ ọmọ ogun púpọ̀, ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin ló ń mọ ìkòkò. Ọkùnrin tó bá jókòó ti amọ̀, àwọn obìnrin á fi ṣe yẹ̀yẹ́ di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Tíṣà Ẹ̀kìnrìn-Àdé ní òun ò bẹ̀rù yẹ̀yẹ́. Ó lọ wa amọ̀ létí odò, ó mọ ẹlẹ́ṣin rẹpẹtẹ, ó sì kó gbogbo wọn ní tútù sínú iná tí ìyàwó rẹ̀ fi ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún méje nílé amọ̀kòkò mọ̀ pé amọ̀ tí kò tíì gbẹ, bó bá rí iná, bíbẹ́ ló ń bẹ́. Ẹṣin ń bẹ́ ní ọ̀tún, wọ́n ń bẹ́ ní òsì, orí ẹṣin kan sì bọ́ sínú ọbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lé e jáde nínú ilé ìdáná. Ìgbà náà ló rántí pé amọ̀kòkò ni ìyá mi.

Ó bá mi, ó ní, “Míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mọ wọ́n.”

Mo ní, “Ó dáa. Ẹni tó bá mọ wọ́n ni yóò tò wọ́n.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní eré ọkùnrin ni. Mo bi í bóyá amọ̀ náà ọkùnrin ni. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ọ̀gá lọ, Ọ̀gá sì ní kí n wá, pé wọ́n ṣáà nílò ẹni tó máa ṣe ará òkè. Mi ò mọ̀ pé kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ ni wọ́n fi fún mi.

Gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa ló gbọ́ ìtàn ogun Tápà. Àwọn ẹlẹ́ṣin á ti ìhà odò Ọya wá, wọ́n á kó èèyàn lẹ́rú, àwọn tó bá ráyè á sá gun orí òkè. Ìyá tó bí bàbá mi wà lórí ọ̀kan nínú àwọn òkè yẹn nígbà tó jẹ́ ọmọge. Kì í sọ ọ́. Pé ó wà níbẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, mo sì ń fi yangàn.

Ọjọ́ pé. Tíṣà Ẹ̀kìnrìn-Àdé ṣe Tápà, èmi ṣe ará òkè. Mo to àwọn èèyàn mi sórí yanrìn, mo sì gbé àwọn ìkòkò kéékèèké tí mo mọ sáàárín wọn, nítorí ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. A bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ mi ń ṣí ẹnu. Mo yí òkúta lu àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀, wọ́n padà sẹ́yìn. Wọ́n tún wá, mo tún lé wọn. Àwọn tó wà ní tábìlì kejì fi tiwọn sílẹ̀ wá wò wá. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lábẹ́nú. Ìgbà náà ni Ọ̀gá gbé ọ̀pá rẹ̀ lé tábìlì, ó ní, “Míìsì, omi ti tán lórí òkè. Dá wọn dùbúlẹ̀.”

Mo ní, “Ta ló mu ún?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ogun náà ṣe rí láyé àtijọ́, òfin tábìlì yìí sì nìyẹn. Bí a bá ti ta dé ibi báyìí, òùngbẹ dé, ará òkè túúbá. Mo nàka sí àwọn ìkòkò mi. Ó mú ọ̀kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó ní, “Ó gbẹ.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn dùn mí wọra. Mo ní, “Ọ̀gá, bí ẹ bá ti mọ ẹni tí yóò ṣẹ́gun kí a tó jókòó, kí la wá ń da ẹyọ sí? Ìyá tó bí bàbá mi wà lórí òkè yẹn. Bí gbogbo wọn bá dùbúlẹ̀, ta ló bí bàbá mi? Mi ò dá ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀.”

Mo ká apá mi mọ́ àyà. Tíṣà Ẹ̀kìnrìn-Àdé na ọwọ́ láti bá mi ṣe é, Ọ̀gá sì gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò, nítorí òfin ni òfin. Wọ́n bẹ̀ mí, mi ò gbọ́. Wọ́n bínú, mi ò gbọ́. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn kíláàsì mọ́ àwọn ọmọ ogun mi ní ìdúró. Ó ní bí mi ò bá dá wọn dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí n má ṣe tún yọjú síbi eré náà mọ́ láyé.

Ilé ni mo gbà lọ tààrà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kí i bí a ṣe ń kíra lọ́dọ̀ wa.

“Okun o, ìyá.”

“Okun, ọmọ mi.”

Mo jókòó tì í, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní, “Ìyá, wọ́n ní òùngbẹ mú yín, ẹ sì túúbá. Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi, kí n lè sọ ọ́ sí wọn lójú lọ́la.”

Kò dá ọwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Ó ní, “Omi tán lóòótọ́.”

Mo ní, “Lóòótọ́, ìyá?”

Ó ní, “Àwọn tó ní àwọn ò ní sọ̀kalẹ̀, òkè ni wọ́n kú sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú wọn. Mo fà á lọ́wọ́ títí, ó ní òun ò lọ. Èmi sọ̀kalẹ̀. Mo da ojú bo odò, mo ń mu omi, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi okùn sí mi lọ́rùn. Mi ò ṣíwọ́ omi náà. Mo mu ún yó kí n tó dìde. Ìwọ ní ta ló bí bàbá rẹ. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ló bí i.”

Inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Ojú tì mí pé mo ti ń fi òkè yẹn yangàn láìbi í léèrè rí. Mo bi í bó ṣe padà délé.

Ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́n. Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wá, nígbà tí òyìnbó tú ogun wọn ká. Wọ́n so mí lọ́rùn ni, wọn ò gé mi lẹ́sẹ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti dé kíláàsì ṣáájú mi, wọ́n rò pé mo wá bẹ̀bẹ̀ ni. Mi ò kí ju ẹ káàárọ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn mi kúrò lórí òkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń tò wọ́n sí etí odò tí a fi yanrìn ṣe, láàárín àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà. Àwọn kan ni mo fi sílẹ̀ lókè, mo sì dá àwọn yẹn dùbúlẹ̀. Ó dùn mí bí mo ṣe ń ṣe é. Àwọn tó sọ̀kalẹ̀, ìdúró ni mo tò wọ́n.

Ọ̀gá ní, “Míìsì, dá àwọn yìí náà dùbúlẹ̀. Wọ́n ti mú wọn.”

Mo ní, “Wọ́n mú wọn lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ wà nídìí òfin, ẹ sọ pé ẹrú ni wọ́n, mo gbà. Àmọ́ wọn ò kú. Ìyá mi àgbà ṣì ń bó ẹ̀gúsí nílé.”

Tíṣà Ẹ̀kìnrìn-Àdé ní, “Ẹrú kì í jagun.”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí ó máa rìn lọ sílé nígbà náà. Bí ẹ bá da ẹyọ fún ẹṣin, ẹ da á fún ẹsẹ̀. Mi ò kúrò nídìí tábìlì yìí.”

Ọ̀gá wo etí odò náà títí, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dá yẹn. Lẹ́yìn náà ó ṣa owó ẹyọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ó nà wọ́n sí mi.

Ó ní, “Ìwọ ló kàn.”