Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Ka Sàìkọ́lọ́jì ní Bárékè

Tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkan, wọ́n á kọ́kọ́ pa iná ìdáná. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àti ọbẹ̀ kì í jọ hó. Nítorí náà, oúnjẹ ilé wọn kì í tètè jinná.

Inú bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé. Láti ìgbà tí ọkọ wọn, sójà tí à ń pè ní Bọ̀dá, ti ti ojú ogun dé, "ó dáa" nìkan ni Bọ̀dá ń sọ. Ìyẹn ló mú kí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ka sàìkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ọkàn èèyàn, lórí ayélujára. Wọ́n ti ní dìgírì nínú àkáǹtì, gbogbo wa bá ní kí wọ́n kúkú lọ ka máásítà.

"Èmi tí mi ò mọ ohun tó ń ṣe ẹni tá a jọ ń sùn? Dìgírì àkọ́kọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀."

Bí kíláàsì bá ti yá, wọ́n á wọ bùláòsì òde sókè, wọ́n á ró ìró ilé nísàlẹ̀, wọ́n á jókòó ti fóònù. Bọ̀dá á máa ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn wọn.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, olùkọ́ béèrè bí ẹ̀rù ṣe ń rí lára èèyàn.

"Etí ló kọ́kọ́ máa ń di," ni Bọ̀dá wí láti ìdí ẹ̀wà.

"Ta nìyẹn?" ni olùkọ́ bi wọ́n.

"Ọkọ mi ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn láyè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí gbólóhùn yẹn."