Ìkòkò Ẹni Tí A Kò Bi Léèrè

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Theophilus ará Ìjẹmọ tíì wọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ tuntun ní Ṣàgámù, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni ọkọ̀ bàjẹ́ ní Kọ́bapẹ́. Ó tó, ó pé: ó ní kò sí ọkọ̀ tí í kọjá Kọ́bapẹ́ láyọ̀. Láti ìgbà náà ló ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó débẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn la ìlú náà kọjá pẹ̀lú táì lọ́rùn, á sì tún wọ ọkọ̀ mìíràn níwájú. Àwọn ará Kọ́bapẹ́ rò pé oníwàásù ni.

Bó ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nìyẹn. Ohun tó bá rí lẹ́ẹ̀mejì ti dòfin. Èyí tí kò bá tíì rí, kò sí láyé. Èèyàn dáadáa ni o, ìdájọ́ ẹ̀ ló kàn máa ń yá ju ojú ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ẹbí Dámiláre, tó fẹ́ fi Àràmídé ọmọ Theophilus ṣaya, fẹ́ wá láti Wásinmi wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni ọ̀rọ̀ di ńlá. Ẹ̀rù ba Theophilus gan-an. Àna tó bá febi kúrò nílé ìyàwó, títí ayé ni wọ́n á máa fi bú ọmọ náà. Ó bá pe mẹ́ta nínú àwọn àlejò lórí fóònù, ó bi wọ́n lóhun tí wọ́n ń jẹ. Láfún ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ parí, ará Wásinmi kì í jẹ nǹkan mìíràn. Kò tiẹ̀ rò ó pé inú ilé kan náà làwọn mẹ́ta yẹn ń gbé, ìkòkò kan ni wọ́n ti jọ ń jẹ.

Wùnmí ìyàwó rẹ̀ ní káwọn se ìrẹsì díẹ̀ kún un. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: ẹni tó bá ń dáná gbọ́dọ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i fún àlejò tí kò tíì dé. Theophilus ní ìfiṣòfò ni, ta ló dárúkọ ìrẹsì?

“Pé ẹ ò tíì rí i, Bàbá Àràmídé, ìyẹn ò ní kó má sí,” ni Wùnmí wí. Ó lọ se ìrẹsì rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Àlejò dé, wọ́n gbé láfún kalẹ̀. Bàbá Dámiláre, olórí wọn, wò ó, ó rọra fà sẹ́yìn. Ó ní dókítà ti lé òun kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ àti gbogbo ọmọ tí ẹ̀gẹ́ bí. Òógùn bo Theophilus. Kó tó la ẹnu, Wùnmí ti gbé ìrẹsì wọlé, tó ń rú èéfín. Bàbá náà jẹun títí ó fi tú bẹ́líìtì.

Inú Theophilus dùn dọ́ba, ojú ẹ̀ sì là. Lójú ẹsẹ̀ ló pinnu pé òun ò ní gbàgbé ohun tí òun ò tíì rí mọ́. Ohun yòówù tí òun bá kà, òun á fi ọ̀kan kún un. Bàbá Dámiláre nu ẹnu, ó sì fi ọgbọ́n béèrè iye ọmọ tí Ọlọ́run fún Theophilus.

“Méjì ni mo rí,” ni Theophilus fi ìgboyà dáhùn. “Àmọ́ ẹ bá mi fi ọ̀kan kún un. Pé mi ò tíì rí i, ìyẹn ò ní kó má sí.”

Wùnmí gbé ṣíbí kalẹ̀, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Ta ni ìyá ẹ̀?”